Ajù-okùn Tí Wọ́n Tì Mọ́lé

Mi ò rọ ìbọn o. Kí n ti tètè sọ ìyẹn, torí wọ́n ti gbé e káàkiri Cow Lane, àdúgbò wa, pé Àmínà opó Múdàṣírù ń rọ ìbọn nínú ṣọ́ọ̀bù fíríìjì, àwọn tó sì ń gbé e kiri náà ni mò ń bá tún fíríìjì ṣe. Okùn ni ohun tí mo ṣe ń jù. Afẹ́fẹ́ ló ń tì í jáde. Kò sí ẹ̀tù níbẹ̀, kò sí ọta, kò sí iná. Ẹni tó bá pè é ní ìbọn lójú mi, á gbọ́ èyí tó burú lẹ́nu mi.

Inú Accra níbí ni wọ́n bí mi sí. Bàbá tó bí bàbá mi ló ti Ọ̀fà wá, aṣọ ló ń tà. Ọkọ mi ló kọ́ mi níṣẹ́ fíríìjì. Nígbà tó kú, àwọn ará ilé rẹ̀ ní kí n ti ṣọ́ọ̀bù pa kí n máa ta ọṣẹ, pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Mo ní ọṣẹ kẹ̀? Ọwọ́ tó mọ ibi tí gáàsì ti ń jò lára páìpù, ṣé ọwọ́ yẹn ni yóò máa to ọṣẹ sórí tábìlì? Ọdún kẹsàn-án rèé, ebi ò pa mí.

Zuweira nìkan ni mo bí. Apẹja ni ọkọ rẹ̀, ọmọ Gáà, àwọn tó ni ilẹ̀ Accra, ará Jamestown, Kwei lórúkọ rẹ̀. Nígbà tó wá tọrọ ọmọ, wọ́n sọ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ní Cow Lane. Wọ́n ní ṣé ọmọ Yorùbá ti tán nílẹ̀ ni, tí mo fi ń gbé ọmọ fún ẹni tí ara rẹ̀ ń rùn ẹja. Ẹja yẹn náà ni wọ́n ń yà jẹ nílé mi. Kwei ní ìtẹríba ju ọ̀pọ̀ ọmọ tí a jọ bí ládùúgbò lọ. Mà ló ń pè mí. Bó bá ti òkun dé, kó tó lọ sílé, á yà ní ṣọ́ọ̀bù, á gbé ẹja tèmi sílẹ̀, á bi mí bóyá mo ti jẹun.

Lọ́dún tó ṣáájú, ní etíkun Jamestown, ìgbì gbá ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n Kwei dojú dé níwájú wa báyìí. Kò jìnnà. Mò ń rí ojú wọn. Àwọn géńdé dúró sétí omi, wọ́n mú okùn lọ́wọ́, wọ́n ń jù ú, okùn ò dé ìdajì ọ̀nà. Ẹni tó bá bọ́ sómi láti gbé e lọ, ìgbì á gbé e padà, á là á mọ́lẹ̀. A dúró, a ń wò wọ́n títí wọ́n fi tán. Mi ò tíì rí ohun tó bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀ láyé mi. Okùn wà, èèyàn wà, apá èèyàn ni ò gbé e débẹ̀.

Ó tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, mò ń fi afẹ́fẹ́ fọ inú páìpù fíríìjì ńlá kan, ni èdídí tí mo fi dí ẹnu páìpù bá fò yọ. Ó la páànù òkè orí mi já, ó lọ bọ́ sí àgbàlá kejì. Mo dúró, mo ń wo ihò ara páànù. Mo ní ṣé afẹ́fẹ́ lásán ló ṣe èyí? Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe é, kí ẹnu lè wọhò. Táǹkì irin ni, ara ẹ̀rọ àwọn tó ń kun mọ́tò ni mo ti yọ ọ́. Ṣàkírù wẹ́dà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi, ló bá mi jó ẹnu rẹ̀ pọ̀. Ó kọ́kọ́ fẹ́ ká fi páìpù oníke ṣe táǹkì náà torí ó fúyẹ́. Mo ní rárá, ike tó bá gba afẹ́fẹ́ sínú jù á fọ́ mọ́ èèyàn lára bí ìgò. Kí irin mú afẹ́fẹ́ sínú, kí ike jẹ́ ọ̀nà tó máa gbà jáde nìkan. Mo wá gbẹ́ igi kan rìbìtì tó ṣe wẹ́kú inú páìpù, mo so okùn tín-ínrín tí àwọn apẹja ń lò mọ́ ọn, irú èyí tí kì í já bọ̀rọ̀.

Ẹ wá wo ìyà. Ẹnu ẹ̀rọ omi lásán ni mo kọ́kọ́ fi dá afẹ́fẹ́ dúró. Bí mo ṣe ń yí i, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń rọra jáde, igi sì bọ́ sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ mi bí itọ́ ọmọ ọwọ́. Ṣàkírù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tú àlòkù lọ́rì, mo ra fáàfù bíréèkì, èyí tó máa ń dún fíìì nígbà tí lọ́rì bá fẹ́ dúró. Ìyẹn kì í rọra ṣí, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí a dán an wò, igi lọ, ṣùgbọ́n okùn lọ́ mọ́ra, ó sì já. Kwei ló kọ́ mi bí a ṣe ń kà á sínú báàfù ní ìpele ìpele, bí wọ́n ṣe ń ka okùn ìwọ̀ sínú agbọ̀n kó má baà dì. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń ka okùn, ó ń sọ pé òun ò tíì rí ìyá ìyàwó tó ń ro ti àna rẹ̀ báyìí. Mo ní kó panu mọ́ kó máa ka okùn.

Àwọn ọdún tí à ń pè ní dúmsọ̀ nìyẹn, tí iná ìjọba ń wà fún wákàtí méjìlá, tó sì ń lọ fún mẹ́rìnlélógún. Mi ò lè gbọ́kàn lé ẹ̀rọ oníná, torí náà mo so pọ́ńpù ẹlẹ́sẹ̀ mọ́ táǹkì, irú èyí tí àwọn fọkanáísà ń lò. Èèyàn méjì á máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó kún. Ṣùgbọ́n bó bá ti lè kún, ẹ gbé e kalẹ̀ di ọ̀sẹ̀ mìíràn, ẹ máa bá a bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo dì í, kò lè jò.

Ọjọ́ Àtàláátà ni a gbé e lọ sétí òkun, torí àwọn Gáà kì í pẹja lọ́jọ́ Àtàláátà, kò ní sí ọkọ̀ lójú omi tí a máa ṣèèṣì bá. Ṣùgbọ́n inú oṣù tí wọ́n fòfin de ariwo ni, oṣù tí wọ́n máa ń pa ìlù mọ́ ní Accra kí ọdún Hómówò ti àwọn Gáà tó dé. Lóṣù yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì kì í lu ìlù, mọ́sálásí á rẹ ẹ̀rọ sílẹ̀, ẹni tó ń sìnkú á rọra sunkún. Mo mọ̀, wọ́n kúkú bí mi síbí. Mo ní afẹ́fẹ́ ṣáà ni. Nígbà tí mo fa fáàfù, ó dún gbòlà, gbogbo orí tó wà létíkun sì yí sí wa.

Igi gbéra. Okùn ń tú tẹ̀ lé e láti inú báàfù, ó kọjá ibi tí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n Kwei dojú dé sí, ó ṣì ń lọ. Kwei kúnlẹ̀ sínú yanrìn, ó fọwọ́ bojú. Àtáà Áyítè, olórí àwọn apẹja, wá rọra rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó fọwọ́ kan táǹkì, ó yọjú wo inú páìpù, ó bi mí pé kí ló wà nínú ẹ̀. Mo ní afẹ́fẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìlù kọ́ nìyí. Ó ní kí n gbé e padà wá lọ́jọ́ Àlàmísì kí àwọn àgbà rí i, pé ilé àwọ̀n tó wà létí omi níbẹ̀ ni òun máa gbé e sí, kí òkun tó bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Alhaji Àkíbù ni alága ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ní Cow Lane. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ní Àlàrùbá, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun gbọ́ pé mo yìnbọn létíkun nínú oṣù èèwọ̀. Mo ṣàlàyé títí, mo ní olórí apẹja fúnra rẹ̀ ló sọ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Ó ní ìyẹn gan-an ló bẹ òun lẹ́rù, pé onílé tó bá ń rẹ́rìn-ín ò tíì sọ tinú rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù, ká tètè lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó bínú.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn ún. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí ìjọba ayé ìgbà yẹn ní kí àjèjì kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá rẹ̀ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ tọjà tọjà, ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ń sùn títí wọ́n fi dé Nàìjíríà. Láti ìgbà tó ti padà wá síbí ló ti ń bẹ̀. Bí ọmọ wa bá fọ́ gíláàsì onílé, Alhaji ti lọ bẹ̀. Bí ọmọ onílé bá fọ́ tiwa, Alhaji ti lọ bẹ̀. Wọn ò ní tíì sọ pé ó dun àwọn tó fi máa ṣí fìlà. A mọ̀ ọ́n mọ́ ọn, a tún ń yìn ín, pé òun ló ń jẹ́ ká rí ìlú gbé. Èmi náà ti yìn ín rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo ní kó dákun, kó má bẹ ẹnikẹ́ni lórúkọ mi. Ó ní ó dáa, ó gbọn agbádá, ó lọ.

Ó dáa rẹ̀ dà? Ní àárọ̀ Àlàmísì, kí n tó rí ọmọlanke tí màá fi ti ẹrù mi débẹ̀, Alhaji ti kó àgbà méjì lẹ́yìn lọ bá wọn. Alhaji tí kì í fọwọ́ kan ọtí, lẹ́dà dúdú ló fi gbé ìgò sìnápù méjì, wọ́n tún fa àgbò. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn àgbà Gáà, ó ní obìnrin kan nínú àwọn èèyàn òun ti fi ariwo ba oṣù wọn jẹ́, kí wọ́n ṣàánú. Nígbà tí mo dé, gbogbo wọn ti fajú ro. Àtáà Áyítè pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ìyá Zuweira,” ó ní, “lọ́jọ́ Àtàláátà, èmi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn yín ti wá, wọ́n ti pe orúkọ ẹ̀ṣẹ̀, a sì ti ta ọtí wọn sílẹ̀ fún àwọn baba wa. Ohun tí wọ́n bá ti bẹ̀ báyìí, a ò lè sọ mọ́ pé kò ṣẹlẹ̀.”

Wọ́n dájọ́ pé kí wọ́n ti ohun tí mo ṣe mọ́ ilé àwọ̀n títí wọn yóò fi tú òfin ariwo sílẹ̀, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní kí n tú ariwo tó wà nínú ẹ̀ dà nù kí wọ́n tó tì í. Ẹ gbọ́ mi? Kí n tú u dà nù. Mo dúró níwájú àwọn arúgbó, mo ń jo afẹ́fẹ́ tí èmi àti Ṣàkírù ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ sínú rẹ̀, ó ń dún ṣíìì títí ó fi tán. Wọ́n fi àgádágodo há ilẹ̀kùn. Mo gba ilé Alhaji lọ, mo sì sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi fún un lójú ìyàwó rẹ̀. Ó fetí sílẹ̀, ó ní mi ò lè mọ̀ báyìí, pé lọ́jọ́ iwájú màá dúpẹ́ lọ́wọ́ òun.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, ní àárọ̀ Sátidé, Zuweira pè mí lórí fóònù. Ìgbì ti dojú ọkọ̀ Kwei dé nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé. Bí mo ṣe wà ni mo sáré, ẹsẹ̀ kan bàtà. Èèyàn mẹ́fà ló dì mọ́ ìdí ọkọ̀ lójú omi, níbi tí ìgbì ti ń fọ́ mọ́ àpáta. Okùn ọwọ́ ò lè débẹ̀. Ọkọ̀ mìíràn ò lè jáde lọ bá wọn, òkun ń gbé e padà. Àwọn géńdé tún mú okùn lọ́wọ́ bíi ti ọdún tó ṣáájú, wọ́n ń jù ú, mo sì kígbe lé wọn lórí pé kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ kí wọ́n lọ ṣí ilé àwọ̀n.

Àtáà Áyítè wà lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọ̀n pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Àgbà méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní orí ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ti tì í, kí ẹni tó bẹ̀bẹ̀ wá sọ pé òun kó ẹ̀bẹ̀ náà padà, wọ́n á sì ṣí i. Alhaji ti wà láàárín èrò tó sáré wá wòran. Mo fa agbádá rẹ̀ títí mo fi mú un dé iwájú wọn.

“Ẹ sọ fún wọn pé mi ò ṣẹ̀ wọ́n,” mo ní. “Gbólóhùn kan ni, Alhaji. Ẹ sọ ọ́.”

Alhaji wo òkun. Ó wo ojú àwọn àgbà. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń mì, mo ní Ọlọ́run, jọ̀ọ́. Ló bá ṣí fìlà, ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú yanrìn.

“Ẹ̀yin baba wa,” ó ní, “ẹ má bínú sí wa. Àlejò yín ni wá. Bí a bá ti ṣẹ̀ yín, ẹ fi ojú àánú wò wá.”

Ó tún ń bẹ̀. Èèyàn ń kú lọ, ó ń bẹ̀. Àwọn àgbà sì dúró, wọ́n ń gbọ́, torí ẹni tó bá ti dọ̀bálẹ̀, a kì í já ọ̀rọ̀ gbà á lẹ́nu. Ó bẹ̀ wọ́n lórúkọ baba rẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n lórúkọ baba wọn, ó ń ka gbogbo ọdún tí a ti ń bá wọn gbé láìjà. Mo dì í létè mú, ó gba ẹnu rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ń bá ẹ̀bẹ̀ lọ. Mi ò mọ iye ìṣẹ́jú tó jẹ́. Zuweira ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tòun ti oyún oṣù méje, ó fẹ́ gbé ìdákọ̀ró kan nílẹ̀, kò lè gbé e. Àtáà Áyítè wò ó. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ohun tí àwọn àgbà tì, ó gba ìdákọ̀ró lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi fọ́ àgádágodo.

A gbé e jáde, kò sí nǹkan nínú táǹkì. Wọ́n kúkú ní kí n dà á nù. Àwọn géńdé ń tẹ pọ́ńpù, ọ̀kan ń rẹ̀, òmíràn ń gbà á, mo sì tẹjú mọ́ aago tó ń ka afẹ́fẹ́, ó ń rọra gòkè. Kò tíì kún nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́. Mo fa fáàfù, igi lọ, atẹ́gùn gbé e sí apá ọ̀tún, okùn bọ́ sómi. A fà á padà, a tún ń tẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì ó kún. Okùn kọjá lórí ìdí ọkọ̀ báyìí, wọ́n sì dì í mú. Gbogbo etíkun fà á. Wọ́n wọ́ wọn jáde sórí yanrìn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kà wọ́n. Ẹnì karùn-ún ló kẹ́yìn.

Bàbá àgbàlagbà kan nínú wọn ló sọ fún wa. Ó ní Kwei ló gbé òun lé èjìká látìgbà tí ọkọ̀ ti dojú dé. Ó ní Kwei rí wa lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọ̀n, ó sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n dì í mú dáadáa, ìyá ìyàwó òun ń gbé e bọ̀. Ó sọ ọ́ títí. Ìgbà tí a ń tẹ pọ́ńpù ni ọwọ́ rẹ̀ yọ̀.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá sọ fún mi pé àmúwá Ọlọ́run ni, pé márùn-ún là, ká ṣọpẹ́. Mo dúpẹ́ fún márùn-ún. Mi ò ní fi ẹnì kẹfà dúpẹ́. Bí ilẹ̀kùn yẹn bá wà ní ṣíṣí, bí afẹ́fẹ́ mi bá wà níbi tí mo dì í sí, mẹ́fà ni ì bá jẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run rárá. Ta ló dẹ́ṣẹ̀ tí wọ́n fi lọ bẹ̀bẹ̀? Ta ló bínú?

Lọ́jọ́ kẹta, òkun ò tíì dá Kwei padà fún wa. Alhaji kó àwọn àgbà ẹgbẹ́ wá sílé mi. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí màá sọ fún un jọ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sí èyí tó dùn nínú wọn. Ó wọlé, kò jókòó. Arúgbó tó ju mí lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú èmi àti ọmọ mi, ó ní ká forí ji òun, nítorí Ọlọ́run, nítorí Ànábì. Àwọn tó bá a wá ń sọ pé ká gbà, pé àgbà kì í bẹ̀ báyìí kéèyàn má gbà. Kí n tó sọ tèmi, Zuweira ti dìde dúró tòun ti oyún rẹ̀.

“Ẹni tí ẹ ń bẹ̀ kò sí nílé, Alhaji,” ó ní. “Inú òkun ló wà. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀.”

Ó wọ yàrá lọ. Alhaji ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní kó dìde.